Ta Ni Yóò Gba Ilé Ìdáná Lọ́wọ́ Jesse?

Ọjọ́ Ajé, 2 Okúdù

Jesse ń lọ. Kí a tó dáná láàárọ̀ yìí ló kó gbogbo wa jọ, ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn ní Mẹ́síkò, òun fẹ́ lọ tọ́jú rẹ̀, òun ò sì ní padà wá mọ́. Òpin Agẹmọ ni yóò lọ. Àwọn tó ń fọ abọ́ bú sẹ́kún. Èmi náà nu ojú, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi: ẹ̀wù funfun rẹ̀ tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mò ń wò, èyí tí wọ́n fi òwú dúdú kọ "Ṣẹ́ẹ̀fù" sí láyà. Ó máa fún mọ́ mi léjìká díẹ̀, ṣùgbọ́n téélọ̀ kan wà ní Joubert Park tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ta ló tún kù bí kò ṣe èmi Gbọ́lá? Láti ọjọ́ tí Titus ọ̀gá wa ti ṣí ilé oúnjẹ Mẹ́síkò yìí sí Fourways, àdúgbò àwọn olówó, ni mo ti wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n ń gbá lára ẹ̀rọ tí a fi ń lọ̀ àgbàdo kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Takisí méjì ni mò ń wọ̀ láti Bertrams tí mò ń gbé, méjì padà, òtútù ìbáà máa já etí. Tí Jesse bá ṣàìsàn, ta ló ń dúró? Tí Jesse bá mutí yó, ta ló ń bò ó láṣìírí? Rìnsọ́lá ìyàwó mi ní kí n má tíì ránṣẹ́ sí téélọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Okúdù

Titus pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní "wa". Èmi àti Bùkúnọlá.

Ó ní tákò, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká ẹran sí, ti wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Fourways, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ohun tí òun fẹ́ báyìí ni tàmálè, èyí tí wọ́n ń gbé sínú korobá tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nílùú Jesse, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú háhá tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́ di oúnjẹ ẹni tó wọ táì, tó ń fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹun. Kí àwa méjèèjì lọ ṣe tiwa wá. Ní ọjọ́ kẹta Agẹmọ, òun àti Jesse yóò tọ́ wọn wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ òun lọ́kàn ni yóò gba ilé ìdáná.

Bùkúnọlá kúnlẹ̀ sí mi níwájú Titus. Nínú ọ́fíìsì! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ò bá wọn sọ nǹkan kan o."

Mo ní, "Kí ló fẹ́ máa bí mi nínú? Dìde jàre." Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.

Ta ló mú un wá? Èmi ni. Ìjọ kan náà ni èmi àti Àbísóyè ọkọ rẹ̀ ń lọ. Ẹnjinníà ni, owó ń wọlé fún un, òun ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá nǹkan kan fún ìyàwó òun ṣe, pé ìjókòó ilé ti sú u. Mo mú un wá kó wá máa bá wa fọ abọ́. Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà, kò pẹ́ la tún bá a nídìí ọbẹ̀, kò tíì lo ọdún méjì, wọ́n ti ní kí èmi àti ẹ̀ jọ du oyè. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ni kò kúkú fi ata sẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ ni. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ń rí ẹ fín, o lè bá a jà. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 8 Okúdù

Mi ò jowú o. Rìnsọ́lá ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni mo kàn sọ fún un pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ó ní, "Àkísà náà lo wá ń fi yangàn?"

Bọ́ọ̀lù wà ní Ellis Park, ariwo àwọn èrò pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó sọ.

Ọjọ́rú, 11 Okúdù

Pẹ́pẹ́yẹ kan, igba àti ogójì rándì. Àwọn tó ń kó ẹrù Mẹ́síkò wọlé tún ti bu owó lé háhá. Owó ara mi ni mo fi rà wọ́n, kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ má bàa mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: tàmálè tó kéré bí àtàǹpàkò, mẹ́ta lórí àwo dúdú, ẹran pẹ́pẹ́yẹ nínú wọn. Mólè, ọbẹ̀ dúdú tí Jesse fi ń yangàn, mo sẹ́ ẹ títí ó fi ń dán, mo sì kán an sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ yí wọn ká. Òdòdó kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mú kékeré ni mo fi tò wọ́n, mo mú èémí dúró bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ.

Mo gbé e fún Jesse. Ó yí àwo náà po, ó jẹ ọ̀kan. Ó ní, "Ó lẹ́wà, Gbọ́lá." Ó jẹ ìkejì. Ó ní, "Tàmálè ńkọ́?"

Mo ní òun ló ń jẹ yẹn. Ó ní òun mọ̀.

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Mo ronú lé e láti Fourways dé ilé.

Ọjọ́bọ̀, 12 Okúdù

Omi ò yọ ní Bertrams láti àná. Mo pọn kẹ́ẹ̀gì kan láti ibi iṣẹ́, mo gbé e wọ takisí. Dírẹ́bà ní kí n sanwó ìjókòó fún kẹ́ẹ̀gì. Mo san án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Okúdù

Àná ni ọlidé. Mo rò pé ìsinmi yóò tù mí lára.

Bí mo ṣe wọlé láàárọ̀ ni mo bá Jesse tó ń fi fóònù ya ọwọ́ Bùkúnọlá ní fídíò. Ó ń pọ́n tàmálè. Ó ń ká háhá sọ́tùn-ún, ó ń ká a sósì, ó ń yí ìdí rẹ̀ sábẹ́, bí wọ́n ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín nílé wa gẹ́lẹ́, kò sì fi okùn dè é. Jesse ní òun ò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé. Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn.

Ìyá tèmi pọ́n mọ́ínmọ́ín tà ní Iléṣà títí ọjọ́ ogbó rẹ̀, kò sẹ́ni tó ya ọwọ́ rẹ̀ ní fọ́tò rí. Èmi náà mọ̀ ọ́n pọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi náà mọ̀ ọ́n, mo mú háhá kan, mo pọ́n ọn. Jesse ti yí padà, ó ń wo fídíò rẹ̀.

Gbogbo wọn ló ń lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Àwọn tó ń fọ abọ́ ń lọ tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ń lọ bá a ṣàwàdà. Tí mo bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọn á kàn kí mi, "Shap, Bọ̀dá Gbọ́lá," wọn á sì tú ká bí ẹni rí ọlọ́pàá. Mi ò tíì na ẹnikẹ́ni rí níbi iṣẹ́ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Okúdù

Lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ọ̀sán ti lọ, Bùkúnọlá gbé àwo kan wá bá mi. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Mi ò tíì fún Jesse. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ ẹ̀ fún mi."

Tàmálè ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀. Ó ti fi èéfín igi kan háhá rẹ̀, nígbà tó sì tú u níwájú mi, èéfín náà jáde fẹ́ẹ́, ó kọjá lójú mi. Kò sí òdòdó, kò sí ẹ̀tàn. Edé méjì ló wà nínú ẹ̀, tàtàsé tó yan tó sì sẹ́ ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, pupa tó ń dán.

Mo bù ú jẹ. Ó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fọ́. Àgbàdo ń ta sánsán nínú ẹ̀ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lóko. Iyọ̀ rẹ̀ pé. Mo tún bù ú, mo ń wá àléébù. Mo bù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí.

Ó dáa, jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀: owú ni. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ara kọ́, tí mo fi ọwọ́ jóná kọ́, ọmọ yìí ń ṣe é bí ẹni ń ṣeré, ó sì tún dúró síwájú mi pé kí n bá òun wí. Ó dùn mí wọra.

Mo ní, "Ó dáa. Àmọ́ ó ti tẹ́ jù."

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan kan kù. Kí ni kí n fi sí i, Ẹ̀gbọ́n?"

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo kàn gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀ ni. "Jẹ́ kó kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì. Tó o bá ti lọ̀ ọ́ tán, má tíì pọ́n ọn, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó kan dáadáa."

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Lọ́dún tí mo dé ilé ìdáná yẹn, ọwọ́ ògì ni mo fi mú àgbàdo wọn. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta, inú mi ń dùn pé mo mọ iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò lọ̀ àgbàdo tí kò ní dúró kó kan? Jesse fi imú kàn án, ó da gbogbo rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, ó ní tí mo bá tún gbé ohun tó kan síwájú òun, kí n máa lọ sílé mi. Jesse yẹn kan náà ni yóò tọ́ ti Bùkúnọlá wò. Bùkúnọlá kò tíì dé nígbà yẹn.

Ó rò ó díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní le jù fún àwọn ará Fourways?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni?"

"Rárá o, sà! Ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Okúdù

Mo sọ ọ́ fún Rìnsọ́lá. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Gbọ́lá, lọ sọ fún ọmọ yẹn."

"Kí n sọ kí ni fún un?"

"Pé o purọ́ fún un."

"Ìdíje ni, Rìnsọ́lá. Tí wọ́n bá ń sáré, ṣé wọ́n máa ń dúró de ara wọn ni?"

Ó ní, "Òun ò bá ẹ sáré. Ó fi ẹ́ ṣe ẹ̀gbọ́n."

Mo ní orúkọ ẹ̀gbọ́n kọ́ ni mo fi ń san owó ilé. Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ lọ sí yàrá. Èmi ni mo pàpà se oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Okúdù

Òtútù yìí ti kúrò ní ti eré. Yìnyín ló bo orí mọ́tò àwọn aládùúgbò láàárọ̀. Gáàsì ti tún wọ́n.

Bùkúnọlá wá bá mi, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ò jẹ́ kó kan. Ó kàn jókòó lásán." Ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ wé abọ́ náà, ó gbé e sábẹ́ tábìlì rẹ̀ bí ìyá tó gbé ọmọ sùn. Mo ní kó gbé e sítòsí ààrò. Mo bá a gbé e. Ọwọ́ ara mi yìí ni.

Nígbà tó fi di alẹ́, ẹnìkan nínú àwọn tó ń fọ abọ́ bi í pé kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi." Ó ń fi mí yangàn. Ó tún wá ń bí mi nínú pé ó ń gbọ́ràn. Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ọmọ nínú iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tí kì í janpata, èyí tí mo wá fẹ́ kó janpata ni kò janpata.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Okúdù

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ lónìí.

Ó ní òun ò lè rí mi kí n máa dúró de takisí nínú irú òtútù yìí, ó fi mọ́tò ọkọ rẹ̀ gbé mi. Híítà mọ́tò náà móoru, ó da orin ṣọ́ọ̀ṣì sí i, ó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Róbọ́ọ̀tì kan, iná ojú títì, dá wa dúró. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Bùkúnọlá, ọ̀rọ̀ tàmálè ẹ yẹn."

Fóònù rẹ̀ dún. Jesse ni. Jesse fẹ́ sọ fún un pé ìyá òun ti wo fídíò yẹn, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ hàn gbogbo àwọn tó wá kí i. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Jesse ò pè mí rí lẹ́yìn iṣẹ́, àfi tó bá ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀."

Mo ní kó má gbàgbé láti fi ìdérí bo abọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé, 30 Okúdù

Tèmi ti bọ́ sí i! Mo yọ òdòdó kúrò, mo sọ mẹ́ta di méjì, mo jẹ́ kí wọ́n tóbi díẹ̀ kí ènìyàn lè mọ̀ pé àgbàdo lòun ń jẹ. Jesse jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo. Ó ní, "Báyìí ni." Ọ̀rọ̀ méjì péré, mo sì gbé e wọ takisí bọ̀ wálé. Mo ra ẹja fún Rìnsọ́lá. Ó jẹ ẹja náà, kò bi mí ní ìdí tí mo fi rà á.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́ wò. Titus jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "O ṣiṣẹ́ gan-an, Gbọ́lá. Eish, ọbẹ̀ yìí." Jesse mi orí bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yege. Mo ti ń gbọ́ ìwúwo ẹ̀wù yẹn léjìká mi.

Bùkúnọlá gbé tirẹ̀ wá. Ó tú háhá, èéfín jáde, òórùn kíkan sì tẹ̀ lé èéfín. Jesse fi imú fà á. Ó gbé síbí sílẹ̀. Ó wo Bùkúnọlá, ó wá yí ojú sọ́dọ̀ mi, mo rí i pé ó rántí àgbàdo tèmi ọdún kìíní. Jésù dárí jì mí, inú mi dùn.

Ó ní, "Èyí ti kan. Èmi ò kọ́ ẹnikẹ́ni báyìí."

Bùkúnọlá fi ọwọ́ fún aṣọ ìdáná rẹ̀ mú.

Titus fa àwo náà sọ́dọ̀. Ó jẹ síbí kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó tún jẹ òmíràn, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n. Ó ní, "Ting." Ó ní ting, ẹ̀kọ kíkan àwọn Tswana, ni ìyá ìyá òun ń rò fún àwọn ní Zeerust, pé láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, òun ò tíì tún fi ẹnu kan kíkan tó rí báyìí. Ó ní òun lówó báyìí, òun ń jẹun káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó gbé e fún òun lórí àwo rí. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó fa ti Jesse náà, ó jẹ ẹ́.

Jesse gba síbí kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ní àwọn ará orí òkè lọ́dọ̀ àwọn náà máa ń mu ògì kíkan, òun ti gbàgbé. Ó ní, "Mo tọrọ gáfárà, Bùkúnọlá."

Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Gbogbo ọdún tí mo ti lò nílùú yìí, mò ń rí àwọn ará ibí tí wọ́n ń ra ògì kíkan wọn nínú páálí, mò ń rí wọn tí wọ́n ń mu wàrà kíkan nínú takisí, n ò ronú kàn án. Òyìnbó nìkan ni mò ń rò. Mo gbàgbé pé ọmọ Tswana ni ọ̀gá wa.

Titus bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó nàka sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Tèmi kọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ sè ti tẹ́, àwọn ni wọ́n tọ́ ọ wò, àwọn ni wọ́n ní kí n jẹ́ kó kan."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Titus ní ọ̀la ni òun yóò sọ ẹni tí òun mú.

Mi ò lè jẹun. Ọmọ yẹn ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fi gbé e ṣubú ló fi gòkè.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Agẹmọ

Titus fún mi.

Ó fún èmi Gbọ́lá ní ilé ìdáná. Ó ní tàmálè Bùkúnọlá ló dára jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, òun náà sì ni yóò wọ ìwé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó mọ oúnjẹ sè pọ̀, pé ẹni tó lè tọ́ oúnjẹ ẹlòmíràn wò, tó sì sọ ohun tó kù níbẹ̀ fún un, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń du nǹkan kan náà, òun ò tíì rí irú rẹ̀. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù. Jesse fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn.

Mo la ẹnu. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé, sà."

Bùkúnọlá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo wò ó bóyá màá rí ìkórìíra níbẹ̀, èyí tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, kí n fi tu ara mi nínú. Mi ò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Mo sọ fún Rìnsọ́lá pé wọ́n fún mi. Ó ní báwo. Mo sọ bó ṣe jẹ́. Ó ní, "O ò sọ fún wọn."

Ìbéèrè kọ́ ni.

Ọjọ́rú, 9 Agẹmọ

Jesse ò tíì lọ, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ ẹ̀wù náà fún mi, mo sì wọ̀ ọ́. Kò fún mọ́ mi rárá, ó bá mi mu pátápátá, mi ò sì mọ ìdí tí ìyẹn fi bà mí nínú jẹ́.

Titus fi tàmálè kíkan náà síta fún àwọn oníbàárà àkọ́kọ́. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí ilé ìdáná pé kí wọ́n bá àwọn kí ẹni tó sè é. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti ránṣẹ́, Bùkúnọlá á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ gbọ́ o, wọ́n ń kí yín." Mo lọ. Obìnrin àgbàlagbà kan dì mọ́ mi, ó ń bá mi sọ èdè Tswana. Titus ní ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ìyá rẹ̀.

Mo rò pé tí mo bá ti rí oyè gbà, owú á lọ. Kò lọ o. Ó wà níbẹ̀, ó tún sanra sí i. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń jowú. Ní báyìí, inú rẹ̀ ni. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ní irú inú bẹ́ẹ̀? Ta ló fún un? Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Èyí tó tún burú ni pé mo fẹ́ se é fúnra mi lónìí, tèmi kan jù, a dà á nù. Mo ní láti pè é kó wá bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi jẹ́jẹ́, bíi pé èmi ni mo ń rán an létí.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Agẹmọ

Lẹ́yìn ìsìn, Bùkúnọlá àti Àbísóyè wá kí wa kú oríire nílé. Iṣu méjì, epo pupa, páálí ohun mímu kan. Iṣu wọ́n nílùú yìí bí wúrà, kò yẹ kí wọ́n ra méjì. Àbísóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ mi, ẹnjinníà, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo ní kó dìde, kó dìde. Ó ní òun ò ní dìde, pé kò sí ọjọ́ tí ìyàwó òun kì í dárúkọ mi nílé.

Bùkúnọlá ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé oúnjẹ mi dùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ohun tó kù fún mi. Títí ayé ni màá máa dúpẹ́."

Rìnsọ́lá gbé omi wá fún wọn. Ó gbé e kalẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Àbísóyè wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn kọ́kọ́ gbé e wá. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, Bùkúnọlá fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀, kékeré ni, tàmálè kíkan nìkan ni wọn yóò máa tà. Àwọn ti rí ibì kan. Ṣùgbọ́n àwọn ò ní fọwọ́ síwèé, àwọn ò ní ra abọ́ kan, àfi tí mo bá bá àwọn wò ó, tí mo sì sọ bó ṣe yẹ kí àwọn ṣe é.

Ilé oúnjẹ tirẹ̀. Mo gbọ́ ọ, owú náà sì tún dìde nínú mi níbi tó wà, kò tijú àlejò.

Àbísóyè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ẹ wúre fún wa."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Mo dìde, mo na ọwọ́ sí wọn lórí. Mi ò ní àdúrà kan tí mo múra sílẹ̀, èyí tí bàbá mi máa ń ṣe fún wa ní àárọ̀ ọdún tuntun ló wá sí mi lẹ́nu, mo sì ń tẹ̀ lé e lọ. Mo ní ọ̀nà yín á là. Wọ́n ní àmín. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní di òfo. Wọ́n ní àmín. Mo ní ẹ ò ní fi inú han ọ̀tá, ẹ ò ní fi aṣebi ṣe olùdámọ̀ràn.

Ó ti jáde tán kí n tó gbọ́ ọ.

Bùkúnọlá ní àmín. Àbísóyè ní àmín. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Rìnsọ́lá ní, "Àmín o! Àmín lórúkọ Jésù!" Ohùn rẹ̀ borí ti àwọn méjèèjì. Kò di ojú nígbà tó ń ṣe é. Èmi ló ń wò.